Agogo Ìrọ̀lẹ́ àti Omi Tó Ń Padà

Ẹ gbé pátákó yẹn kalẹ̀ ná, kí ẹ jókòó. Mo rí i bó ṣe ń dán, mo sì ti gbọ́ pé ẹ̀yin náà fẹ́ dúró lórí ìgbì bí àwọn tí ẹ rí nínú fóònù. Kò burú. Èmi kọ́ ni n óò sọ pé kí ọmọ Ìlàjẹ má wọ òkun. Àmọ́ àná lẹ dé láti Àkúrẹ́, ẹ kò tíì wo omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ti ń bọ́ṣọ. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Ẹ jókòó, mo ní.

Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gun ìgbì. Kí wọ́n tó bí bàbá yín la ti ń gùn ún ní Ayétòrò yìí. A ò ní pátákó aláràbarà. Apákó tó bá ṣẹ́ kù níbi tí a ti ń kan ọkọ̀ ni à ń mú, a óò fá etí rẹ̀ kó jọ̀lọ̀ kó má baà ya wá láyà, a óò wá fi àyà dùbúlẹ̀ lé e. Ibi tí a ti ń kan ọkọ̀ yẹn nìṣẹ́ mi wà. Àtàárọ̀ ni òòlù ti ń dún níbẹ̀, tí àwọn ahunṣọ ń lu òfì tiwọn lápá kejì, tí èéfín ẹja ń bọ̀ láti ilé ìdáná tí gbogbo ìlú ti ń jẹun. Orí afárá pákó la máa ń rìn láti ilé dé ilé, torí pé ẹrẹ̀ àti omi ló wà nísàlẹ̀. Bí o bá jí lówùúrọ̀ tí o dijú, ìró ẹsẹ̀ lórí pákó nìkan ti tó láti sọ ẹni tó ń bọ̀ fún ọ. Lónìí, ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń jí mi, gbogbo ẹ́ńjìnnì sì jọra létí mi.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń darí gbogbo wa nígbà náà ni agogo. Kò sẹ́ni tó ní aago lọ́wọ́, a ò sì nílò rẹ̀. Agogo àárọ̀ fún àdúrà, agogo ọ̀sán fún oúnjẹ, agogo ìrọ̀lẹ́ fún ìpàdé. Bó bá ti dún, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, sọ ọ́ sílẹ̀ kí o kọjú sí ibi tó ti ń dún. Bí o bá ń kan ìṣó, tí ìṣó wọlé dé ìdajì, ìdajì ni wàá fi í sílẹ̀. Mo ti rí obìnrin kan tó fi ọwọ́ tí ẹ̀fọ́ lẹ̀ mọ́ wọ ìpàdé. Wọn kì í nà wá sí i, wọn kì í pariwo mọ́ wa. A kàn dàgbà sínú rẹ̀ ni, ó ti mọ́ ẹsẹ̀ wa lára. Kí èrò tó dé orí, ẹsẹ̀ á ti lọ.

Ẹni tó ń lu agogo yẹn, Bàbá Alágogo la ń pè é. Ọkùnrin kúkúrú ni, ejìká rẹ̀ fẹ̀. Agogo ìrọ̀lẹ́ kì í dákẹ́ títí èèyàn ìkẹyìn á fi jókòó, ó sì máa ń dùn ún bí ẹnì kan bá pẹ́. Ibi tí agogo yẹn dúró sí nígbà náà, bí mo bá fẹ́ fi hàn yín báyìí, ọkọ̀ la máa wọ̀. Òkun ti gba ibẹ̀. Ó ti gba ilé tí a ti ń hun aṣọ, ó ti gba òpópónà àkọ́kọ́ àti èkejì. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Awoyè. Awoyè ló ti wá bá wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀, òun ló sì ń darí àwọn tó ń kó ọkọ̀ ẹja jáde sí òkun ńlá. Ó ga, ó gbẹ, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ìjókòó ló máa kọ́kọ́ kọ́ ọ. Á ní kí ẹ jókòó sórí ẹrẹ̀, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkun. Kì í jẹ́ kí ẹ wò ó. Á wá bi yín pé, "Èyí tó fọ́ yẹn, ṣé ó ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ?" Etí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ìgbì kékeré á ṣe bí ẹni da omi dànù. Èyí tó tóbi á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kó tó wó, ìdákẹ́ yẹn ni kí ẹ máa gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó kí n tó gbà á. Mo bínú, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní ìgbì kì í dá rìn. Àwọn kékeré á máa bọ̀, á máa bọ̀, lẹ́yìn náà àwọn ńlá mẹ́ta á tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé pẹ̀lú ọkọ̀, kó dúró lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, kó jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, kó wá tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹ̀kẹta gan-an. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, àyè máa ń wà. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Ọjọ́ ọdún ìlú kan, àwọn akọrin ń bọ̀ láti Mólútẹ̀hìn, wọ́n gba ojú òkun. Ẹ̀yin ẹ ò mọ ohun tí ọdún jẹ́ nígbà náà: gbogbo ọkọ̀ ni a máa ń kùn ní ọ̀dà tuntun, a óò ta imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ afárá láti ìpẹ̀kun ìlú kan dé èkejì. Àwọn akọrin yìí wọ aṣọ funfun báláú. Atukọ̀ wọn gbọ́ pé a ti bẹ̀rẹ̀ orin ní ilẹ̀, ojú ń kán an, ni ó bá wọlé níwájú ẹ̀kẹta. Ìgbì gbé ìdí ọkọ̀, ó yí i ní ìbú, ó da gbogbo wọn sínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, gbogbo wọn ló mọ omi. Ìkòkò pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, tí wọ́n gbé bọ̀ wá léfòó, ìdérí wà lórí rẹ̀, ó ṣáájú wọn gúnlẹ̀. Wọ́n kọrin lọ́jọ́ náà pẹ̀lú aṣọ tó ti di dúdú, wọ́n sì kọrin dáadáa. Bàbá Awoyè kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wo atukọ̀ yẹn, ó ní, "Ẹ mọ orin jù wá lọ, àmọ́ ẹ ò lè ka ẹẹ́ta."

Ẹ̀kọ́ kejì ló ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin tí ẹ gbé pátákó. Ẹ wo òkun yẹn. Etíkun wa kì í ṣe yanrìn funfun bíi ti Èkó, ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti nípọn lábẹ́ omi, ìgbì á rọ̀, á kú kó tó dé ilẹ̀. Ibi tí òkìtì bá wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti dìde, tí yóò fọ́ funfun. Omi tí ìgbì ń gbé wá sílẹ̀ yìí, níbo lẹ rò pé ó ń gbà padà? Ó gbọ́dọ̀ padà. Á wá ibi tó jìn láàárín òkìtì méjì, á gba ibẹ̀ jáde. Ibẹ̀ máa ń dúdú díẹ̀, kì í hó, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá ju èèpo àgbọn sí i, ẹ ó rí i pé ó ń lọ síta dípò kó máa bọ̀ wálé. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ibẹ̀ ló dára jù láti wọ̀. Ṣé ẹ rí ibi tí o nàka sí lẹ́ẹ̀kan yẹn, ìwọ tó wọ fìlà? Omi tó ń padà nìyẹn.

Bàbá Awoyè ní bó bá gbé èèyàn, kó má bá a jà. Kí ó má kọjú sí ilẹ̀. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, lọ síbi tí omi ti ń fọ́ funfun, ìgbì ibẹ̀ á gbé e wálé. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó jẹ́ kí omi máa gbé e lọ. Bó bá ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, agbára omi náà á tán. Òun fúnra rẹ̀, omi yẹn ló ń lò láti kó ọkọ̀ jáde láràárọ̀, kò fẹ́ fi àjẹ̀ bá ìgbì jà nígbà tí ọ̀nà wà.

Gbogbo èyí ni Tìmótì mọ̀. Tìmótì ni ọ̀rẹ́ mi, ó fi ọdún kan jù mí lọ, a jọ ń kan ọkọ̀ ni. Bàbá Alágogo ló bí i. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló lè dìde dúró lórí apákó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó máa ń na apá méjèèjì, á sì máa kọrin wálé. Kò sí ohun tí Bàbá Awoyè kọ́ mi tí kò kọ́ ọ, ó tilẹ̀ yára gbọ́ ọ jù mí lọ. Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, ẹ má gbàgbé.

Lọ́jọ́ náà, a ṣíwọ́ iṣẹ́, ó ku díẹ̀ kí agogo ìrọ̀lẹ́ dún. Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, ìgbì ga. A gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ìgbì já apákó Tìmótì gbà, ó gbé e lọ sínú ibi tó dúdú yẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀, omi tó ń padà nìyẹn." Ó ní, "Mo mọ̀. Pákó mi ni mo fẹ́ mú, n óò gba ẹ̀gbẹ́ jáde." Kò parọ́, ó lè ṣe é. Ó wọ inú rẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé e, torí pé mi ò lè dúró máa wò ó. Kí a tó ka ogún, ilẹ̀ ti jìnnà sí wa.

A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwa méjèèjì. Èmi wà níwájú. A ò tíì bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kó yé yín. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i ni agogo fi pẹ́, n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ fún yín. Ó dún. Mo wẹ̀yìn, mo rí Tìmótì tó yíjú. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, ó kọjú sí agogo, ó bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́ lọ tààrà sí ìlú.

Mo pè é. Mo ní, "Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́." Ó dá mi lóhùn, mo gbọ́ ọ ketekete: "Agogo ń lù." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń rán mi létí ohun tí mo gbàgbé. Ó ń ju apá, omi ń gbé e padà, kò kúrò lójú kan. Èmi náà gbọ́ agogo yẹn nínú ẹsẹ̀ mi. Mi ò gbọ́n jù ú lọ. Mo kàn ti sún mọ́ ibi tó funfun ni, ìgbì sì gbá mi kí n tó lè ronú.

Mo gúnlẹ̀, mo wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ dé abẹ́ agogo, mo ké pé Tìmótì wà nínú omi tó ń padà, ó ń bá a jà. Bàbá Alágogo dúró lórí pèpéle agogo, ó ga níbẹ̀, ó lè rí òkun. Ó wò, ó rí orí ọmọ yẹn. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó di okùn agogo mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí lù ú kíkankíkan, bí a ti ń lù ú bí iná bá jó ilé, kí gbogbo ìlú lè wá gbà á. Ohun tó yẹ kó ṣe nìyẹn. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Mo yíjú sí omi, mo sì rí i pé bí agogo ṣe ń yára ni apá Tìmótì ń yára. Ó rò pé wọ́n ń pe òun ni.

Bàbá Awoyè dé, àwọ̀n wà léjìká rẹ̀. Ó wo omi lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé ìdí ọkọ̀ ni yóò sáré lọ, pèpéle ló gùn. Ó ní, "Dá agogo dúró."

Bàbá Alágogo ní, "Mo ń pe ìrànlọ́wọ́."

"Ìrànlọ́wọ́ ti dé. Ìpè rẹ ni ọmọ yẹn ń jẹ́. Bí o bá ń lù ú, yóò máa bọ̀ títí agbára rẹ̀ á fi tán."

Bàbá Alágogo kò fi okùn sílẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá dákẹ́, á rò pé a ti fi òun sílẹ̀."

Bàbá Awoyè ní, "Jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí ju òkun lọ. Mo rí ọwọ́ ọkùnrin yẹn lórí okùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé agogo lé e lọ́wọ́, kò dá a dúró rí kí èèyàn tó pé. Ó ṣí ọwọ́. Agogo fúnra rẹ̀ tún dún lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Àwọn èèyàn tí wọ́n ti ń bọ̀ dúró síbi tí wọ́n dé lórí afárá. Nínú omi, apá Tìmótì náà dúró. Orí rẹ̀ yí, mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ̀yìn lélẹ̀ ni tàbí ó ti tán, omi sì gbé e, ó ń lọ.

Àwa mẹ́rin la wọ ọkọ̀: Bàbá Awoyè, èmi, àti méjì nínú àwọn apẹja rẹ̀. Bàbá Alágogo fẹ́ wọlé tẹ̀ lé wa, Bàbá Awoyè tì í padà, ó ní, "Padà sókè. Nàka sí i. Má ṣẹ́jú." A gbé imú ọkọ̀ sínú omi tó ń padà yẹn gan-an, ó sì gbé wa jáde kánkán. Bí a ti jáde báyìí, a ò rí Tìmótì mọ́. Láàárín ìgbì méjì, ògiri omi nìkan lẹ máa rí. Bàbá Awoyè kò tilẹ̀ wo iwájú. Ilẹ̀ ló ń wò lẹ́yìn, ó ń wo apá ọkùnrin tó dúró lórí pèpéle, ó sì ń fi àjẹ̀ darí ọkọ̀ sí ibi tí apá yẹn kọjú sí. Bí apá bá yà sí òsì díẹ̀, a óò yà sí òsì.

A bá a lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, níbi tí omi ti rọ̀. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ojú rẹ̀ ṣí, ètè rẹ̀ ti di eérú. A fà á wọlé. Ó ń mí, àmọ́ èémí náà ń há sí i lọ́fun. Mo gbá àjẹ̀ mú, mo fẹ́ ká máa lọ lójú ẹsẹ̀. Bàbá Awoyè ní, "Jókòó." Mo ní ó máa kú. Ó tún ní, "Jókòó." Mo bínú sí i débi pé mo ń sunkún. A dúró síbẹ̀, Tìmótì ń mí gúlegúle lẹ́sẹ̀ mi, bàbá àgbà yẹn kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó ń gbọ́. Ọ̀kan kọjá. Èkejì kọjá. Ẹ̀kẹta gbé wa sókè tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí gbogbo òrùlé ìlú, ó sì bọ́ síwájú wa. "Ó yá," ó ní, a sì tẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé láìjẹ́ kí ẹ̀kán omi kan wọnú ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú omi, a kì í lu agogo iná mọ́. Aṣọ pupa la máa ń fì lórí pèpéle, ẹnì kan á dúró máa nàka. Ẹ bi àwọn àgbà mìíràn tó kù, wọn á sọ fún yín. Ìyẹn wúlò, kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń wọ omi lọ́la. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo máa ń rántí.

A tẹ́ Tìmótì sórí afárá, ó pọ omi, ó pọ̀ ọ́ títí, ó sì lajú. Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà bi í pé, "Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí o kọjú sí ilẹ̀?" Ó ní, "Agogo ń pè mí, sà." Àwa la kọ́ ọ.

Àwọn èèyàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, Bàbá Alágogo sì ń bọ̀ láàárín wọn. Apá ọ̀tún rẹ̀ ṣì nà síwájú, kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀, mi ò rò pé ó mọ̀. Nǹkan kan wà tí ẹ̀yin ò lè mọ̀. Ní ìlú wa nígbà náà, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "ọmọ mi". Ọmọ gbogbo ìlú ni ọmọ, "ọmọ wa" la ń wí. Bí ìyá pàápàá bá ṣèèṣì sọ ọ́, wọn á rọra tún un ṣe fún un, kò sí ìjà níbẹ̀, òun náà á sì tún un sọ. Ogún ọdún ni ọkùnrin yẹn fi ń lu agogo fún ọmọ tó bí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ sínú omi tí ọmọ náà pọ̀ sílẹ̀. Ó fi èdè ilé wa sọ ọ́.

"Ọma mi," ó ní. "Ọma mi, ọma mi."

Gbogbo ìlú ló dúró tì í. Gbogbo wa ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.